Orí Kẹsàn-án: Dáyámọ́ǹdì àti Ìmọ́lẹ̀ Tí A Ń Fi Owó Rà

Inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti í jáde, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, n kò sì mọ ohun mìíràn lábẹ́ ọ̀run tí ọ̀rọ̀ náà bá mu tó dáyámọ́ǹdì, nítorí pé òkúta tí àwọn ọba ń tò sára adé, tí àwọn olówó ń fi sí ìka, tí ọkọ ìyàwó mìíràn ń tìtorí rẹ̀ jẹ gbèsè, ohun kan náà gan-an ni òun àti èédú tí ń bẹ nínú ààrò. Kábọ́ọ̀nù ni àwọn onímọ̀ ń pe ohun náà. Kábọ́ọ̀nù ni èédú, kábọ́ọ̀nù ni ohun dúdú tí ń bẹ láàárín igi pẹ́ńsù, kábọ́ọ̀nù náà sì ni dáyámọ́ǹdì. Ní 1772 ni Lavoisier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi dígí ńlá kó ìtànṣán oòrùn jọ sórí dáyámọ́ǹdì títí òkúta náà fi jóná; nígbà tí ó sì di 1797, Smithson Tennant, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sun òmíràn, ó sì fi hàn gbangba pé gáàsì tí ó ti ara rẹ̀ jáde kò yàtọ̀ rárá sí èyí tí èédú tí ìwọ̀n wọn dọ́gba yóò mú wá. Bí àwọn átọ́ọ̀mù inú wọn ṣe di ara wọn mú ni ó yà wọ́n nípa: ti inú pẹ́ńsù tò lé ara wọn ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, wọ́n sì ń yọ̀ lórí ara wọn, ìdí nìyẹn tí pẹ́ńsù fi ń kọ̀wé, ṣùgbọ́n nínú dáyámọ́ǹdì, átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan di mẹ́rin mìíràn mú gírígírí, kò sí èyí tí ó lè yẹsẹ̀.

Ibi tí a ti rọ ọ́ jìn. Nǹkan bíi kìlómítà 140 sí 200 lábẹ́ ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti di òkúta, níbi tí ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ti pọ̀ kọjá àfẹnusọ, èyí tí ó sì pọ̀ jù nínú wọn ti pé bílíọ̀nù ọdún kan sí mẹ́ta, èyí tí í ṣe pé wọ́n ti wà kí koríko kan tó hù sórí ilẹ̀ ayé. Iná abẹ́ ilẹ̀ ló bú gbàmù, ló sì fi agbára gbé wọn wá sókè nínú irú àpáta kan tí a fi orúkọ ìlú Kimberley ní Gúúsù Áfíríkà sọ. Ní 1867 ni a mọ dáyámọ́ǹdì àkọ́kọ́ ilẹ̀ náà, èyí tí ọmọdékùnrin kan rí ní ẹ̀bá odò Orange, láìpẹ́ ọjọ́ sì ni ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ènìyàn ti rọ́ dé Kimberley, tí wọ́n ń fi ṣọ́bìrì àti dígà wa ihò kan títí ó fi jìn tó mítà 240, nítorí pé ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ọ̀rọ̀ dáyámọ́ǹdì kò ṣe àjèjì sí àwa Yorùbá náà. Ní 1919 ni a rí i ní àfonífojì odò Birim, ní Gold Coast tí ó di Ghana lónìí, kò sì pẹ́ púpọ̀ tí àwọn ènìyàn wa fi di ẹrù, tí wọ́n forí lé Akwatia àti agbègbè rẹ̀, tí àwọn kan ń wa ilẹ̀, tí àwọn kan sì ń ra èyí tí àwọn awalẹ̀ bá rí, títí ìjọba Ghana lábẹ́ Busia fi pàṣẹ ní 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ jáde kúrò ní ìlú. Àwọn tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣa òkúta nínú ẹrẹ̀ mọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ ẹni tí ń ra òrùka lónìí kò mọ̀, èyí ni pé dáyámọ́ǹdì sàn ju dáyámọ́ǹdì lọ. Wẹ́wẹ́ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ti Birim, ilé-iṣẹ́ tí ń gé irin àti èyí tí ń lu àpáta ni a sì ń tà wọ́n fún. Díẹ̀ ló tó gbé sórí wúrà. Nítorí náà, bí oníṣòwò bá sọ fún yín pé dáyámọ́ǹdì gidi ni òun ń tà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òtítọ́ ni ó sọ, kò tíì sọ ohun tí ẹ nílò. Ìmọ́lẹ̀ ni ẹni tí ń ra dáyámọ́ǹdì ń fi owó rẹ̀ rà. Òkúta tí kò bá dá ìmọ́lẹ̀ padà fún ojú, ìbáà tóbi, ìbáà jẹ́ ojúlówó, owó ńlá tí a san lé e lórí ti ṣòfò.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ẹ jẹ́ kí n gba òkúta kan là lọ́wọ́ òòlù. Àwọn kan gbà pé dáyámọ́ǹdì gidi kì í fọ́, wọ́n a sì gbé e ka orí irin láti lù ú wò. Ọ̀pọ̀ ojúlówó ti ti ọwọ́ àdánwò bẹ́ẹ̀ di lẹ́búlẹ́bú. Òótọ́ ni pé kò sí ohun àdánidá tí à ń fi ṣe ẹ̀ṣọ́ tí ó le tó o. Nínú ìwọ̀n líle tí Friedrich Mohs gbé kalẹ̀ ní 1812, 10 ni dáyámọ́ǹdì, rúbì àti sàfáyà sì wà ní 9, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, nítorí pé àlàfo tí ń bẹ láàárín 9 àti 10 yìí fẹ̀ ju gbogbo àlàfo tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, pé ohun kan kò ṣeé ha lára kò wí pé kò ṣeé là. Dáyámọ́ǹdì ní ìhà mẹ́rin tí ara rẹ̀ ti lè pín bí a bá kàn án níbi tí ó tọ́, ọ̀nà yìí gan-an sì ni àwọn agékùúta ayé àtijọ́ fi ń là á.

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ dùn sí. Dáyámọ́ǹdì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wa jáde kì í dán. Ara rẹ̀ a máa ṣú, yóò dà bí ẹni pé ọ̀rá bò ó, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n a sì tẹ̀ ẹ́ kọjá lọ. Ọwọ́ ọmọ ènìyàn ló ń là á lójú. Ojú 57 tàbí 58 ni a ń gé sára èyí tí ó rí roboto, tí orí rẹ̀ tẹ́jú, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ṣe ṣónṣó, ojú kọ̀ọ̀kan sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ a gba òkè wọlé, a kan ẹ̀gbẹ́ kan nísàlẹ̀, a ta kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì, a sì ta padà sókè sí ojú ẹni tí ń wò ó. Bí ó sì ti ń jáde ni yóò pín sí àwọ̀ òṣùmàrè, pupa níhìn-ín, àwọ̀ ewé lọ́hùn-ún, bí ọwọ́ tí ó wọ òrùka náà bá ti ń mì. Ní 1919, ọdún kan náà tí a rí ti Birim, ni Marcel Tolkowsky, ọmọ ìdílé agékùúta láti Antwerp ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, tẹ ìwé kan jáde tí ó fi ìṣirò hàn pé bí ìsàlẹ̀ òkúta bá dagun ní dígírì 40.75, tí èjìká rẹ̀ lókè sì dagun ní 34.5, ìmọ́lẹ̀ tí ó wọlé kò ní ráyè sá lọ. Kì í ṣe gbogbo agékùúta ló ń tẹ̀ lé nọ́ńbà wọ̀nyẹn láìyẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá yà kúrò níbẹ̀ jìnnà. Bí ìsàlẹ̀ bá fẹ́lẹ́ jù, ìmọ́lẹ̀ a jò gba ẹ̀yìn lọ, àmì roboto kan tí ó ṣú a sì hàn yí àárín òkúta ká. Bí ó bá jìn jù, àárín rẹ̀ gan-an a di dúdú.

Kí ló dé tí agékùúta tí ó mọ èyí yóò fi gé e ní àìdáa? Ìwọ̀n ni ó ń dáàbò bò. Òkúta tí ó ti inú ilẹ̀ jáde sábà máa ń pàdánù ìdajì ara rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó dé ọjà. Ẹ wo Cullinan, èyí tí a rí ní Gúúsù Áfíríkà ní 1905, òkúta tí ó tóbi jù lọ tí ó sì dára tó láti fi ṣe ẹ̀ṣọ́: káràtì 3,106 ni ó wọ̀n, ìyẹn gíráàmù 621, nígbà tí ìdílé Asscher gé e tán ní Amsterdam, ó di òkúta ńlá mẹ́sàn-án àti kéékèèké 96, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ló sì ti lọ. Agékùúta tí a ó fi ìwọ̀n sanwó fún, tí ó sì rí i pé bí òun bá gé e bí ó ti yẹ yóò di káràtì 0.88, a máa fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní jíjìn, tàbí kí ó fi ìbàdí rẹ̀, ìyẹn etí tí ó yí i ká láàárín òkè àti ìsàlẹ̀, sílẹ̀ ní nínípọn, kí ó lè di 1.00. Ẹni tí ó rà á san owó káràtì kan. Ojú kò sì rí káràtì kan, nítorí inú wúrà ni ìyókù sá pamọ́ sí. Òkúta roboto káràtì kan tí a gé dáadáa fẹ̀ tó mìlímítà 6.5 láti etí dé etí. Ẹ gbé rúlà lé e.

Alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí pẹ̀lú oníṣòwò tí ó tan ọ̀wọ́ iná kíkan sórí àpótí dígí rẹ̀: kò sí òkúta tí kì í tàn lábẹ́ irú iná bẹ́ẹ̀. Ẹ tọrọ ààyè láti gbé òrùka náà lọ sí ẹ̀bá fèrèsé, níbi tí oòrùn kò ti kàn án gan-an, kí ẹ sì fi àtẹ́lẹwọ́ kejì ṣíji bò ó. Èyí tí a gé dáradára yóò ṣì máa wà láàyè nínú òjìji náà, funfun àti dúdú yóò máa ṣípò padà fún ara wọn lójú rẹ̀ bí ẹ ti ń yí ọwọ́; èyí tí a kò gé dáradára yóò kú pátápátá. N kò mọ àdánwò mìíràn tí kò ná ni ní kọ́bọ̀, tí ó sì níye lórí tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìgé ni àwọ̀. Náítírójìn tí ó há sáàárín kábọ́ọ̀nù ló ń pọ́n dáyámọ́ǹdì lójú. Bí ó bá ti pọ̀ tó ni òkúta yóò ti ṣe rẹ́súrẹ́sú tó. GIA, ilé ẹ̀kọ́ àti àyẹ̀wò òkúta iyebíye tí Robert Shipley dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1931, ló gbé òṣùwọ̀n tí gbogbo ayé ń lò kalẹ̀: láti lẹ́tà D, èyí tí kò ní àwọ̀ rárá, títí dé Z. Wọn kò bẹ̀rẹ̀ láti A, nítorí pé àwọn oníṣòwò ti lo A, B àti C ní ìlòkulò ṣáájú wọn. Bí ẹ bá fẹ́ rí àwọ̀ òkúta tí a kò tíì dè mọ́ wúrà, ẹ da ojú rẹ̀ dé sórí ìwé funfun tí a ṣẹ́ po, kí ẹ sì wò ó láti ẹ̀gbẹ́, nítorí pé bí a bá wò ó láti òkè, dídán rẹ̀ a máa bo àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹni tí ń ra wúrà funfun tàbí platinum má ṣe sọ̀ kalẹ̀ ju H tàbí I lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò de òkúta mọ́ wúrà pupa tí àwọn ìyá wa fẹ́ràn, àwọ̀ wúrà náà yóò kùn ún, J tàbí K yóò sì funfun lójú gbogbo ẹni tí ó bá wò ó. Àwọ̀ tí ó bá ti kọjá Z tún di ọjà ọ̀tọ̀, èyí tí ẹwà rẹ̀ wà nínú àwọ̀ náà fúnra rẹ̀; bórọ́ọ̀nù díẹ̀ ló sọ òkúta Hope, tí ó wọn káràtì 45.52, tí ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington, di aláró.

Mímọ́ inú rẹ̀ ni àwọn oníṣòwò fẹ́ràn láti máa sọ̀rọ̀ lé lórí jù, nítorí pé ibẹ̀ ni lẹ́tà pọ̀ sí: IF, VVS, VS, SI, I, bí mímọ́ ti ń dín kù. Ìpele 11 ni GIA pín in sí, dígí tí í sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá ni a sì fi ń wò ó. Ẹ ní kí oníṣòwò fún yín ní dígí náà. Ẹ gbé e súnmọ́ ojú títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìpéǹpéjú, ẹ má ṣe di ojú kejì, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí ó má baà gbọ̀n, kí ẹ wá gbé òkúta náà wá bá dígí díẹ̀díẹ̀ títí inú rẹ̀ yóò fi là. Ní àkọ́kọ́, ìmọ́lẹ̀ nìkan ni ẹ ó rí. Bí ẹ bá ní sùúrù, tí ẹ sì yí i díẹ̀, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí ó ti há síbẹ̀ láti abẹ́ ilẹ̀ lọ́hùn-ún: ẹ̀kán dúdú kan, ìkùukùu fẹ́ẹ́rẹ́, tàbí ìlà lílà kan tí ó ń tàn funfun bí ẹ bá gbé e ní ìdagun. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó bà yín nínú jẹ́. Ohun tí ojú lásán kò lè rí kò dín ìmọ́lẹ̀ òkúta kù, ẹni tí ó sì fi owó VVS ra ohun tí VS2 tàbí SI1 tí ó mọ́ lójú yóò ṣe fún un, owó tí ì bá fi ra ìgé tí ó dára ni ó fi ṣòfò. Ibi kan ṣoṣo tí mo ti ń bẹ̀rù ni lílà tí ó yọ sí etí tàbí sí ṣónṣó òkúta, nítorí pé ọjọ́ tí ó bá kan ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ni yóò ti ṣẹ́.

Ní ti ìwọ̀n, kò pẹ́ yé ni. Káràtì kan jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún gíráàmù, a sì pín in sí ọ̀nà 100. Káràtì wúrà yàtọ̀ sí i; mímọ́ ni ìyẹn ń wọ̀n, tí wúrà tí kò lábùlà jẹ́ 24, tí 18 sì jẹ́ èyí tí a ń tẹ 750 sí lára. Owó òkúta kì í gòkè ní dọ́gbadọ́gba: òkúta káràtì méjì kan wọ́n ju òkúta káràtì kọ̀ọ̀kan méjì lọ, nítorí pé ńlá ṣọ̀wọ́n. Ibí yìí ni kí ẹ ti ṣọ́ra, ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí: bí a bá kọ káràtì kan sára òrùka, ẹ béèrè bóyá ẹyọ kan ni tàbí àpapọ̀ wẹ́wẹ́ ogún, nítorí pé owó méjèèjì jìnnà sí ara wọn réré. Kò sì sí ìtìjú nínú kékeré; abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Òkúta zirconia ni èké tí ó pọ̀ jù lọ. Ó wúwo ju dáyámọ́ǹdì lọ ní bí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá, àwọ̀ òṣùmàrè tí ó ń tan sì pọ̀ ju ti ojúlówó lọ, bẹ́ẹ̀ ni etí àwọn ojú rẹ̀ a máa jẹ díẹ̀díẹ̀ bí a bá ti wọ̀ ọ́ pẹ́. Dáyámọ́ǹdì ń gbé ooru kọjá ju bàbà lọ ní ìlọ́po púpọ̀, ìdí nìyẹn tí èémí tí a mí lé e lórí fi ń parẹ́ lójú ẹsẹ̀, tí ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ góòlù sì fi ń fi ooru dá a mọ̀. Èké mìíràn, òkúta moissanite, ló ń tan ẹ̀rọ náà jẹ, nítorí pé òun náà ń gbé ooru dáradára. Dígí ìlọ́po mẹ́wàá ni yóò tú u fó: bí ẹ bá wò ó ní ìdagun láti òkè, ìlà ẹ̀yìn rẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò di méjì-méjì, ohun tí kì í ṣẹlẹ̀ nínú dáyámọ́ǹdì.

Dáyámọ́ǹdì tí a ṣe nínú ẹ̀rọ kò sí lára àwọn èké wọ̀nyí. Láti ìparí 1954, nígbà tí Tracy Hall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ General Electric ti fi ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ sọ kábọ́ọ̀nù di dáyámọ́ǹdì, ọmọ ènìyàn ti ń ṣe é, ti òde òní sì dára débi pé ilé àyẹ̀wò nìkan ló lè yà á sọ́tọ̀. Ó le bákan náà, ó ń tàn bákan náà, owó rẹ̀ sì kéré púpọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ̀ ọ́, kí ó wọ̀ ọ́ tayọ̀tayọ̀; ẹ̀ṣẹ̀ tí ń bẹ níbẹ̀ ni kí oníṣòwò tà á ní owó ti inú ilẹ̀. Nítorí náà, ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí láti ilé àyẹ̀wò tí kò sí lábẹ́ ẹni tí ń ta ọjà, kí ẹ sì fi dígí wo ìbàdí òkúta, níbi tí a ti máa ń fín nọ́ńbà ìwé náà sí ní lẹ́tà tín-ín-tín, kí ẹ rí i pé méjèèjì bá ara mu. Ìwé ọ̀tọ̀ ni ti ètò Kimberley Process tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2003, lẹ́yìn ogun Sierra Leone tí a fi dáyámọ́ǹdì bọ́, ogun tí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà lọ pẹ̀tù sí, tí àwọn mìíràn nínú wọn kò sì padà wálé. Òkúta tí a kò tíì gé ni ètò náà ń tọpa, kò dé ọ̀dọ̀ òrùka. Oníṣòwò tí ó bá sì bọ̀wọ̀ fún ẹ̀jẹ̀ tí ó ta sílẹ̀ yẹ kí ó lè sọ ìlú tí òkúta rẹ̀ ti wá.

Àwọn ìyá wa ń fi wúrà pa owó mọ́, wọ́n sì ń rí i tà nígbà ìṣòro. Dáyámọ́ǹdì kò ní irú ọjà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé òrùka rẹ̀ padà lọ tà, owó tí a óò fún un yóò kéré jọjọ sí èyí tí ó san, nítorí náà kí ẹni tí ń wá ìfowópamọ́ ra wúrà, kí ẹni tí ń wá ẹwà sì ra òkúta.

Bí ẹ bá rà á tán, ọ̀rá ni ọ̀tá rẹ̀. Dáyámọ́ǹdì fẹ́ràn ọ̀rá débi pé pátákó tí a fi gírísì pa ni wọ́n ń fi mú un jáde láti inú ẹrẹ̀ ní Kimberley nígbà kan rí. Ìpara àti òróró obẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀, òkúta a sì ṣú bí ẹni pé ó ti gbó. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì eyín tí ó rọ̀ ti tó. Ẹ má ṣe kó o pọ̀ mọ́ ohun ẹ̀ṣọ́ mìíràn nínú àpò kan, yóò ha gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ góòlù máa wo ọwọ́ wúrà kéékèèké tí ó di òkúta mú lọ́dọọdún, nítorí pé wọ́n a máa jẹ. Bí ìwé ẹ̀rí bá sì sọ pé a ti fi dígí dí ojú lílà kan nínú òkúta náà, ẹ sọ fún alágbẹ̀dẹ náà kí ó tó tan iná rẹ̀, nítorí ooru iná náà yóò ba ohun tí a fi dí i jẹ́.